Owó Ilé Tí Kò Mọ́

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti dá wa dúró ní iléeṣẹ́ ike kí n tó gba iṣẹ́ fífọ ilé kan tí mo fẹ́ sọ yìí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń bá àwọn èèyàn fọ ilé nígbà yẹn. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tí a jọ jáde láti inú ìyá kan náà. Ọmọ Ọ̀tà gan-an ni, Mùsùlùmí, ó sì fi ogún ọdún jù mí lọ dáadáa. Òun ló mú mi wọ iléeṣẹ́ náà nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ṣàngó pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́yìn àti báàgì kan lọ́wọ́. Ó dúró tì mí níbi ẹ̀rọ, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ ike gbígbóná tí kò fi ní bó èèyàn lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀gá fẹ́ lé mi ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé mo ń pẹ́ dé, òun ló bá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tó lè bí lọ́mọ.

Nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ mẹ́ta tì, tí wọ́n ní kí gbogbo kásúà, àwa òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́, máa lọ sílé, a kò mọ ibi tí a ó gbà. Àmọ́ ìlú ń fẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti dé, yunifásítì ti tẹ̀lé e, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti àwọn tó kàn fẹ́ máa gbé nítòsí ibi àdúrà sì ń ra ilẹ̀ káàkiri. Oko ẹ̀gẹ́ di ojúlé. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣẹ́ igi ìdáná nígbà tó wà lọ́mọdé, ilé alájà kan pẹ̀lú géètì dúdú ló wà níbẹ̀. Ilé tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán kì í ṣe é kó wọ̀ bẹ́ẹ̀. Símẹ́ńtì á ti gan mọ́ táìlì, ọ̀dà á ti ta sára fèrèsé, eruku á ti kún inú gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn. A ó fi réèsà ha ọ̀dà, a ó fi tíńà nu ohun tí réèsà kò mú, a ó wá fi ọṣẹ àti bùrọ́ọ̀ṣì fọ ilẹ̀ títí omi tó ń ṣàn jáde á fi mọ́ gaara.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í fojú fo kọ̀rọ̀. Bí mo bá ní ó ti tó, á ní, "Àbúrò mi, onílé kò ní í wo àárín ilé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa wò." Nítorí rẹ̀ ni orúkọ wa ṣe dára. Ìyàwó pásítọ̀ kan á sọ fún òmíràn, ẹni yẹn á sọ fún ẹlòmíràn níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni fóònù mi ṣe ń dún.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ nípa ojú ẹ̀gbọ́n mi, nítorí pé odindi ọdún kan ni mo fi pa irọ́ rẹ̀ fún ara mi. Mo mọ̀. Kò sọ fún mi, n kò sì bi í, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Tí a bá fẹ́ sọdá títì ní Ṣàngó, á di ọwọ́ mi mú pinpin, èmi á máa sọ nínú ara mi pé ó fẹ́ràn mi ni. Ó máa ń gbé ìgò bílíìṣì sún mọ́ imú kó tó dà á. Lọ́jọ́ kan, ó fẹsẹ̀ kọ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó wà níwájú rẹ̀ gbangba, ó sì bú ẹni tó gbé e síbẹ̀. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, ìṣojú rẹ̀ sì ni. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àgbà ti ń dé.

Ká ní mo bi í léèrè ni, a ò bá ti lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ta ni mo fẹ́ bá ṣe é? Kì í ṣe èmi ni àwọn onílé tó jẹ́ ọmọ Ọ̀tà mọ̀, òun ni. Mo dákẹ́. Mo ń tẹ̀lé e lẹ́yìn láti yàrá dé yàrá, mo ń rọra tún ibi tó bá fò nù, n kò sì jẹ́ kó mọ̀. Iṣẹ́ èèyàn kan àtààbọ̀ là ń ṣe, owó èèyàn méjì là ń gbà.

Obìnrin tó ni ilé tí mo ń sọ yìí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì. Ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, bí owó bá ṣe ń yọjú. Ó ń sọ ọ́ fún mi nígbà tó ń mú mi yí ilé ká, ó ń fọwọ́ pa ògiri lára bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ ya ilé náà sí mímọ́. Pásítọ̀ ń bọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ń bọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ náà ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú. Ó ní kí a wá lọ́jọ́ Ẹtì kí eruku má baà tún bà lé ilé kí àlejò tó dé. Ó san ìdajì owó sílẹ̀.

"Sìsítà, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ni mo dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin mìíràn pè mí. Ó ní ilé kan nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn àlejò máa ń dé sí, yàrá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àpéjọ ọdọọdún sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì yẹn náà lòun fẹ́. Gbèsè owó ilé mi ti lé ní oṣù mẹ́rin, onílé mi ti ń ti ẹnu ọ̀nà mi kọjá láìkí mi. Mo sọ fún obìnrin náà pé màá wá. Mo gba iṣẹ́ méjì sí ọjọ́ kan ṣoṣo.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ fọ òkè. A ṣe é dáadáa. Mo ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, obìnrin kejì ti pè mí lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ìsàlẹ̀ ló kù: pálọ̀, kíṣìnnì, yàrá àlejò àti ilé ìwẹ̀ méjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "ẹ bá mi parí ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ sáré dé ibì kan."

Ó dúró pẹ̀lú mọ́ọ̀pù lọ́wọ́. "O ò ní í padà wá wò ó?"

"Kí ni mo fẹ́ wò nínú iṣẹ́ yín?"

Mo ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo ti ń wá bàtà mi. Mo rí i pé ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Ó wá ní, "Ó dáa. Máa lọ. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ."

Owó tí mo gbà níbi iṣẹ́ kejì kò tó gbèsè mi. Ọjọ́ Àìkú ni mo pe obìnrin onílé tuntun náà fún owó tó kù. Kò pariwo mọ́ mi. Ohùn rẹ̀ tutù débi pé mo rò pé ó ń ṣàìsàn. Ó ní òun kò ní í san nǹkan kan, pé bí òun bá ní kí òun ro ohun tí a bà jẹ́ mọ́ ọn, àwa la ó tún san owó fún òun. Inú bí mi. Mo ní ilé ńlá ló kọ́, àmọ́ kò fẹ́ sanwó òógùn tálákà. Mo ní kò sí èyí tó kàn mí nínú pásítọ̀ àti àdúrà, pé iṣẹ́ la ṣe, a kì í ṣe alágbe. Mo ní bó bá di ọjọ́ Ajé, màá wá jókòó sẹ́nu géètì rẹ̀ kí gbogbo àdúgbò gbọ́.

"Ẹ wá, sìsítà," ó ní. "Ẹ mú Ìyá dání. Màá pe alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa kó wà níbẹ̀."

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nílé. Mo bi í pé, "Ṣé ìsàlẹ̀ mọ́?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi fọ̀ ọ́," ó dáhùn. N kò béèrè mọ́.

A dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Alága onílé ti jókòó ní pálọ̀, bàbá arúgbó kan tó ti fi ìgbà kan rí ṣe ọ̀gá ilé ìwé, tó wọ bùbá funfun. Kí a tó jókòó tán ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ka ohun gbogbo tí a ṣe lókè lẹ́sẹẹsẹ. Bàbá náà gbọ́ mi tán, ó ní, "Èyí tí a ń jiyàn lé lórí kò sá lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbójú sókè ni. Ara fèrèsé pálọ̀ tí mo kọ ẹ̀yìn sí, ọ̀dà funfun ló ta sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, réèsà kò kàn án rárá. Ní kíṣìnnì, eruku wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ojú ibi tí ìka àwọn àlejò gbà kọjá sì hàn nínú rẹ̀. Nínú yàrá àlejò, bílíìṣì ti dà sí orí rọ́ọ̀gì pupa. Àmì ràbàtà mẹ́rin ló fi síbẹ̀, wọ́n funfun bí ìyẹ̀fun, etí wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Ibí yìí ni ìyá ọkọ mi sùn," obìnrin náà wí. Kò wo ẹnì kankan lójú. "Níwájú pásítọ̀, ó ní, 'Ìyàwó, ṣé bí ẹ ṣe ń tọ́jú ilé níbi iṣẹ́ yín nìyí?' Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín." Omi ti kún ojú rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá, sìsítà."

Ẹ̀gbọ́n mi ló bọ́ síwájú. Inú ń bí i, mo mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó pe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìdọ̀tí rí.

"Níbo gan-an lẹ ní kò mọ́?"

Obìnrin náà mú un wọ ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá náà. Ọ̀dà ilẹ̀kùn, èyí tó pọ́n bí epo, ti ṣàn lára táìlì funfun, ó fẹ̀ tó ọwọ́ mẹ́ta, ó sọ̀ kalẹ̀ títí dé ilẹ̀.

"Ibí yìí, Ìyá. Ara ògiri yìí."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sára táìlì, ó rọra fà á láti ọ̀tún sí òsì. Àtẹ́lẹwọ́ náà gba orí ọ̀dà yẹn kọjá, ó sì tún padà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó mọ́," ó ní. "Ẹ fọwọ́ kàn án. Ó ń dán."

"Ìyá, ẹ má fọwọ́ wò ó. Ẹ fojú wò ó."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sókè láti dá obìnrin náà lóhùn, ṣùgbọ́n apá ibi tí fèrèsé wà ló kọjú sí. Kò kọjú sí obìnrin náà. Ìlà ọṣẹ gbígbẹ àti eruku wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá alága yọ áńkáṣíìfù nínú àpò, ó nà án sí i láìsọ̀rọ̀ pé kó fi nu ọwọ́. Áńkáṣíìfù náà dúró bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà á. Kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo gbọ́ tí obìnrin náà sọ ọ́ jẹ́ẹ́ pé, "Áà, Jésù."

Bàbá náà ká ọwọ́ rẹ̀ padà. Èmi ló kọjú sí. "Ṣé o mọ̀ nípa èyí?"

Mo ní, "Rárá, sà. N kò mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ mi. Ẹsẹ̀ méjì péré ni mo fi jìnnà sí i. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó di etí ilẹ̀kùn mú, ó dúró. Kò sọ pé irọ́ ni.

Obìnrin náà sáré jáde, ó mú àpò ìwé kan wá. Gbogbo owó tó kù ló wà níbẹ̀, kò yọ ti rọ́ọ̀gì. Ó gbìyànjú láti fi sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. "Ìyá, ẹ gbà. Ẹ má bínú. Ẹ kà á sí sàárà."

"Ọmọ mi, o ṣeun," ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Kì í ṣe sàárà ni mo wá gbà nílé rẹ. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe. Bí iṣẹ́ kò bá mọ́, owó rẹ̀ kò tọ́ sí mi." Ó yíjú síbi tí ohùn bàbá alága ti wá. "Bàbá, ẹ dá ẹjọ́ náà fún wa."

Bàbá náà dá a. Ó ní owó tí wọ́n ti san sílẹ̀ jẹ́ ti òkè tí a fọ̀ tó mọ́. Èyí tó kù, kí obìnrin náà fi tún rọ́ọ̀gì ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má tún pe ẹnikẹ́ni ní onígbèsè. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin tó kéré sí àbígbẹ̀yìn rẹ̀, a sì jáde.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fa géètì dé, obìnrin náà pè mí padà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń fọwọ́ tọ ògiri lọ níwájú. Obìnrin náà ki àpò ìwé yẹn bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ má sọ fún Ìyá. Ẹ bá mi fi tọ́jú ojú wọn."

Mo gbà á. Nígbà tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi, mo na ọwọ́ sí i kí n lè mú un sọdá títì. Ó gbà kí n mú un, ṣùgbọ́n kò di tèmi mú.

Onílé mi gba ìdá méjì nínú mẹ́ta owó náà ní ọjọ́ kejì. Mo sọ fún ara mi pé màá dá a padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó fi èyí tó ṣẹ́ kù mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó rí wa kéré lọ́jọ́ orí, ó sì ní sùúrù. Ó tan iná sí ojú rẹ̀, ó ṣe é pẹ́. Ó ní omi inú ojú náà ló ń le ju bó ṣe yẹ lọ, tó ń tẹ iṣan tó ń gbé ìríran pa díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ti lọ kò lè padà. Oògùn tí a ó máa kán sí i lè dáàbò bo díẹ̀ tó kù ní ojú òsì, bí a bá ń rà á lóṣooṣù.

"Ó ti ń ṣe wọ́n tipẹ́," ó wí. "Ṣé ẹni tí wọ́n jọ ń gbé kò kíyè sí i ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a lóhùn. Ó ní òun nìkan lòun ń gbé.

Nígbà tí a jáde, ó bi mí pé níbo ni mo ti rówó tí mo fi sanwó káàdì àti oògùn. Mo ní mo gba àjọ ni. Ó mi orí. "Ọlọ́run á san án fún ẹ," ó ní. Mo ṣe àmín.

Oṣù mẹ́ta ni mo rí oògùn náà rà. Obìnrin onílé yẹn kò sọ̀rọ̀ wa láìdáa, mo gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wá síbi ìyàsímímọ́ rí ohun tí wọ́n rí. Fóònù mi dákẹ́. Àwọn onílé ọmọ Ọ̀tà tó máa ń pè wá béèrè ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí wọ́n sì gbọ́ pé kò ṣe mọ́, wọ́n ní àwọn á pè mí padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí lọ sẹ́nu géètì àwọn iléeṣẹ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, níbi tí a ti ń dúró kí wọ́n wá ka iye kásúà tí wọ́n fẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọ́n yá jù mí lọ ni wọ́n sábà máa ń mú. Lọ́jọ́ kan tí mo padà délé lásán, aládùúgbò ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wá mú ìyá rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ lọ sí Adó-Odò.

Ó pẹ́ kí n tó lọ kí i. Nínú ọkọ̀, mo ń to ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́sẹẹsẹ: pé mo ti mọ̀ nípa ojú rẹ̀, pé mo fi í sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilé yẹn pẹ̀lú ìmọ̀ yẹn, pé mo sẹ́ níwájú bàbá alága, pé mo gba owó lẹ́yìn rẹ̀. Mo bá a lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ojú rẹ̀ ti lọ tán. Ó ti rù. Ó mọ ohùn mi kí n tó kí i tán, ó sì ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Ó béèrè ọmọ mi. Ó béèrè bí Ṣàngó ṣe wà, bóyá wọ́n ti tún ọ̀nà yẹn ṣe.

Mo gbé àwo sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ yẹn, nílé obìnrin yẹn..."

"Má sọ ọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lórí ẹ̀gúsí. Kò bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún ọmọdé pé òjò ń bọ̀.

"Má sọ ọ́ fún mi, àbúrò mi. Bí o bá sọ ọ́, mo gbọ́dọ̀ dárí jì ẹ́. Ó sì ti rẹ̀ mí."

Mo jókòó tì í. Mo bá a bó ẹ̀gúsí náà, n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Nígbà tí oòrùn rọ̀, ọmọ rẹ̀ ní ọkọ̀ Ọ̀tà kì í pẹ́ tán nílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní ó dìgbà. Ó ní kí n kí ilé. Ọmọ rẹ̀ sìn mí dé ìta, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún oògùn tí mo rà fún ìyá òun, ó ní àwọn kò ní í gbàgbé. N kò padà lọ mọ́.